Ilé Plantin-Moretus nílùú Antwerp: ẹrù àti ìwé ìṣirò ẹrù lábẹ́ òrùlé kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Yúróòpù ṣe gbé ayé wọn láàárín 1500 sí 1800, màá ní kó fi ààfin àwọn ọba sílẹ̀ ná. Ilé oníṣòwò ni kó lọ. Èyí tó sì dára jù nínú àwọn tí mo ti wọ̀ ni Museum Plantin-Moretus, ojúlé 22 ní gbàgede Vrijdagmarkt, nílùú Antwerp, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Atẹ̀wé ni mí. Lẹ́tà òjé ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ojú oníṣẹ́ ọwọ́ ni mo fi wo ibẹ̀, ẹ má retí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé lẹ́nu mi.

Wọn ò kọ́ ilé yìí láti fi pàtẹ ohun àtijọ́. Láti 1576 ni ìdílé kan náà ti ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀wé níbẹ̀. Christophe Plantin ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1589, ọkọ ọmọ rẹ̀, Jan Moretus, ló gba iṣẹ́ náà, láti ìgbà yẹn ló sì ti ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ní 1876, Edward Moretus ta ilé náà fún ìjọba ìlú tòun ti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀: ẹ̀rọ, lẹ́tà, àga, tábìlì, àwòrán ara ògiri, ìwé tí wọ́n tẹ̀ àti ìwé tí wọ́n ń kà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún aráàlú, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005.

Kì í ṣe bó ṣe pẹ́ tó ló mú un yàtọ̀ lójú mi. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ ó rí ṣíbí kan nínú gíláàsì, wọn á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé fàdákà ni, pé wọ́n ṣe é ní nǹkan bíi 1620. Ta ló rà á? Èló ló rà á? Ta ló ń fọ̀ ọ́? Ṣíbí ò lẹ́nu. Ní ilé Plantin, ohun èlò wà ńbẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lò ó náà sì wà ńbẹ̀: owó tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà, iye bébà tí wọ́n rà àti ẹni tó tà á fún wọn, ìwé tí wọ́n tà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, oníbàárà tó jẹ gbèsè, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i. Nítorí àkójọ yìí ni UNESCO ṣe tún fi í sínú àkọsílẹ̀ ìrántí ayé ní 2001. Bí ẹ bá ti wo ẹ̀rọ tán, ẹ mọ̀ pé orúkọ ọkùnrin tó ń fà á wà nínú ìwé kan nínú ilé kan náà, àti iye tó gbà lọ sílé. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn, ohun tí mo sì torí rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Plantin kò bẹ̀rẹ̀ bí atẹ̀wé. Ará Faransé ni, nítòsí Tours ni wọ́n bí i ní nǹkan bíi 1520. Nígbà tó dé Antwerp ní nǹkan bíi 1549, ìwé ló ń dì, ó sì ń fi awọ ṣe àpótí kéékèèké fún àwọn olówó. Ìtàn tí ìdílé rẹ̀ ń sọ ni pé lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ fún oníbàárà, àwọn ọ̀mùtí kan ṣì í mú fún ẹlòmíràn, wọ́n sì fi idà gún un. Ọgbẹ́ yẹn ni ò jẹ́ kó lè máa ṣiṣẹ́ awọ mọ́, ló bá yà sídìí ìwé títẹ̀ ní 1555.

Ọ̀rọ̀ awọ yìí, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́kàn yín bí ẹ ti ń rìn nínú ilé, nítorí pé awọ pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: lẹ́yìn ìwé, lára àga, lára ògiri. Awọ oníwúrà tí wọ́n fi bo ògiri àwọn yàrá ńlá ló máa ń mú kí àwọn àlejò ya fọ́tò jù. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Kò sí wúrà kankan lára irú awọ bẹ́ẹ̀. Fàdákà pẹlẹbẹ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ, wọ́n wá fi òróró dídán aláwọ̀ ìyeyè pa á lójú títí ó fi dà bíi wúrà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n pé kí nǹkan dán kí owó má pọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nídìí iṣẹ́ wa.

Yàrá ìtajà ìwé kéré, ojú pópó ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Káńtà wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn owó náà sì wà níbẹ̀. Owó wúrà àti ti fàdákà láti ìlú oríṣiríṣi ló ń wọ ọjà Antwerp nígbà yẹn, àwọn kan sì máa ń gé etí owó jẹ, nítorí náà òǹtajà kì í kàn ka owó, ó ń wọ̀n ọ́n. Lára ògiri ni wọ́n gbé orúkọ àwọn ìwé tí Ìjọ Àgùdà fòfin dè kọ́ sí, kí oníbàárà má bàa béèrè ohun tó lè kó òun àti òǹtajà sí wàhálà. Plantin fúnra rẹ̀ tẹ irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1570, ọkùnrin kan náà tí wọ́n fi ẹrù rẹ̀ lu gbàǹjo ní 1562 nítorí pé ìwé kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, àwọn tó ta ko Ìjọ Àgùdà, jáde láti ilé iṣẹ́ rẹ̀! Ó sá lọ sí Paris nígbà náà, ó padà wá ní 1563, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Ẹ dúró pẹ́ díẹ̀ níbi káńtà yẹn kí ẹ sì ro bí wọ́n ṣe ń tàwé. Ọ̀pọ̀ ìwé ni kò ní ẹ̀yìn nígbà tí oníbàárà rà á. Bébà kíká lásán ni yóò gbé lọ, òun ni yóò gbé e fún adìwé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà méjì ìwé kan náà fi lè jọ ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan á wọ awọ funfun tínrín tí ò ní iṣẹ́ lára, èkejì á wọ awọ màlúù tí wọ́n fi wúrà tẹ orúkọ ẹni tó ni ín sí. Ọ̀rọ̀ inú wọn ò yàtọ̀, àpò àwọn tó rà wọ́n ló yàtọ̀. Láti ìgbà tí mo ti lóye èyí, mi ò lè mú ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ kí n má kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí n tó ṣí i.

Yàrá àwọn tó ń ṣàtúnyẹ̀wò púrúfù, ìyẹn bébà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ láti fi wá àṣìṣe, ló kàn. Tábìlì igi óòkù gíga ló wà níbẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé ńlá, nítorí pé ojú ni irinṣẹ́ wọn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò sì ní kí wọ́n sanwó. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Cornelis Kiliaan, tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Dutch, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ yìí fún Plantin. Àmọ́ èyí tó wù mí jù lọ ni ti àwọn ọmọbìnrin Plantin. Lẹ́tà kan tó kọ ní 1570 sọ iṣẹ́ tó ń gbé lé wọn lọ́wọ́. Láti kékeré ló ti kọ́ wọn ní ìwé kíkà kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́ nídìí púrúfù. Magdalena, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15, ló ń gbé púrúfù Bíbélì ọba lọ fún Arias Montano, ọ̀mọ̀wé tí ọba Sípéènì rán wá, òun ló sì ń ka èdè Hébérù, Árámáíkì, Síríákì, Gíríìkì àti Látìn sókè kí wọ́n lè fi wé ohun tí wọ́n tẹ̀. Martina ní tirẹ̀ wà nídìí léèsì àti aṣọ ọ̀gbọ̀. Ó ń bójú tó òwò náà fún oníṣòwò kan ní Paris. Ẹ rí i pé ilé atẹ̀wé kan náà ni wọ́n ti ń ta léèsì. Ẹni tó bá ka ìtàn ìwé títẹ̀ láìbéèrè ohun tí àwọn obìnrin ilé ń tà, ìdajì ìṣirò ló kà.

Bíbélì tí mo ń sọ yìí, apá mẹ́jọ ni, èdè márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, Plantin sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti 1568 sí 1572. Wọ́n tẹ nǹkan bíi ẹ̀dà 1,200 sórí bébà àti ìwọ̀nba díẹ̀ sórí awọ fún Ọba Philip Kejì ti Sípéènì. Mo wo ojú ìwé kan, mo sì gbàgbé ẹ̀sìn pátá. Ohun tí mo ń wò ni bí wọ́n ṣe to oríṣi lẹ́tà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń ti ọ̀tún lọ sósì, àwọn kan ń ti òsì lọ sọ́tùn-ún, tí gbogbo wọn sì parí sórí ìlà kan. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ to lẹ́tà rí yóò mọ̀ pé orí ẹlòmíràn á ti fọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí a dé yàrá ìtẹ̀wé, ọmọ mi obìnrin, tó mú mi lọ, bi mí pé, "Dádì, ṣé ibí lẹ máa sùn ni?" Kò jẹ̀bi. Àwọn ẹ̀rọ onígi tò síbẹ̀ ní ìlà, àwọn méjì tó wà lẹ́yìn sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó pẹ́ jù lọ tó ṣẹ́ kù láyé. Nǹkan bíi 1600 ni wọ́n ti wà. Àpótí lẹ́tà wà níwájú fèrèsé, pẹ̀lú òjé nínú ihò kéékèèké rẹ̀. Ọwọ́ mi ń yún mí.

Ènìyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan. Ọ̀kan ń fi yíǹkì pa lẹ́tà, èkejì ń tẹ́ bébà, ó ń ti pẹpẹ wọlé, ó sì ń fa ọ̀pá. Bí iṣẹ́ bá dán mọ́rán, wọ́n lè tẹ bébà 1,250 lójú méjèèjì lóòjọ́, ìyẹn ni pé bébà ń wọ abẹ́ ẹ̀rọ ní ìgbà 2,500. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka iye yẹn sí apá rẹ̀. Yíǹkì wọn kì í ṣe omi: epo irúgbìn ọ̀gbọ̀ ni wọ́n sè títí ó fi ki, wọ́n wá po èédú iná àtùpà mọ́ ọn. Wọ́n á kọ́kọ́ rin bébà lómi díẹ̀ kó lè gba yíǹkì dáadáa, nítorí náà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á sá a sórí okùn kó gbẹ. Bọ́ọ̀lù awọ tí wọ́n ki irun sí ni wọ́n fi ń pa yíǹkì, awọ yẹn kò sì gbọ́dọ̀ gan. Kí ni wọ́n fi ń mú un rọ̀? Ìtọ̀. Inú ìtọ̀ ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí mọ́jú. Kò sí ẹni tó lè gbé òórùn sínú gíláàsì, àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń wo ojú ìwé mímọ́ tó funfun gbòò, tó dúdú kírìkírì níbi tó yẹ, ẹ rántí ohun tó wà nínú garawa lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bébà náà ní ìtàn. Àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ń gún lómi títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, òun ni wọ́n fi ń ṣe bébà. Aṣọ tí ẹnì kan ti wọ̀ gbó, aṣọ ìbora, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń parí sínú ìwé. Bébà ló sì ń gba owó jù lọ́wọ́ atẹ̀wé, ju owó iṣẹ́ lọ nígbà púpọ̀. Èyí kò yà mí lẹ́nu rárá; ẹ béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé èyíkéyìí tẹ́ ẹ mọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ní àpótí owó kan tí wọ́n jọ ń dá, tí wọ́n fi ń ran ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá lọ́wọ́. Òfin ilé iṣẹ́ wà pẹ̀lú, ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá rú u.

Ẹ gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ lẹ́tà. Níbí ni àwọn àlejò máa ń sáré kọjá, èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń sáré lọ bá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: alágbẹ̀dẹ lẹ́tà á gbẹ́ lẹ́tà kan sórí irin líle, lódì, á fi òòlù gbá a wọ inú bàbà, ojú lẹ́tà á sì jìn sínú bàbà náà, wọ́n á fi bàbà yẹn sínú ohun tí wọ́n fi ń rọ lẹ́tà, wọ́n á da òjé yíyọ́ sí i. Lẹ́tà kan ló jáde. Ẹ tún un ṣe fún gbogbo lẹ́tà, fún kékeré, fún ńlá, fún àmì gbogbo. Ilé yìí ní irin gbígbẹ́ tó lé ní 4,000 àti bàbà tó lé ní 15,000, iṣẹ́ ọwọ́ Claude Garamond àti Robert Granjon, àwọn agbẹ́lẹ́tà ará Faransé, sì wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ Monotype, tó ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé, ṣe oríṣi lẹ́tà kan jáde ní 1913 tí wọ́n pè ní Plantin, ara lẹ́tà Granjon tó wà níbí ni wọ́n ti yọ àwòṣe rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ń ṣe Times New Roman, oríṣi lẹ́tà tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ní 1931, Plantin yẹn ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ rí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ti ná lára ohun tó wà nínú àpótí yẹn.

Bákan náà ni àwọn àwòrán inú ìwé. Nǹkan bíi 14,000 pátákó igi fínfín ló wà nínú ilé náà, pẹ̀lú nǹkan bíi 3,000 bàbà fínfín. Èyí tí wọ́n fín sára igi ṣeé tò pọ̀ mọ́ lẹ́tà, kí wọ́n sì tẹ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti bàbà kò rí bẹ́ẹ̀: inú ihò tí wọ́n fín ni yíǹkì ń wọ̀, ẹ̀rọ mìíràn tó ń yí ló sì ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà bébà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì, owó á sì gorí owó. Bàbà máa ń tètè jẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ tínrín ju ti igi lọ, olówó sì fẹ́ràn rẹ̀. Plantin tẹ ìwé ewéko fún àwọn onímọ̀ ewéko bíi Dodoens, Clusius àti Lobelius. Pieter van der Borcht ló ń ya ọ̀pọ̀ àwọn ewé náà, Arnold Nicolai ló ń fín wọn, nígbà tí pátákó bá sì ti wà nílẹ̀, wọ́n á lò ó fún ìwé òǹkọ̀wé kan, wọ́n á tún lò ó fún ti ẹlòmíràn. Mo mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa, ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Àwọn àwòrán ìdílé tí Rubens kùn dára, mo wò wọ́n, mo kọjá. Rubens àti Balthasar Moretus, ọmọ Jan, jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ ni, àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́ tó yà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì wù mí ju àwòrán ògiri lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ti ń rí ayàwòrán ńlá tó ń bá atẹ̀wé dúnàá-dúrà bíi ti gbogbo wa. Yàrá ìkàwé ńlá náà lẹ́wà. Àgbàlá náà lẹ́wà, àjàrà rọ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Ẹ jókòó díẹ̀ níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín.

Ta ni ibẹ̀ yẹ? Ẹni tó fẹ́ràn ìwé, ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi ohun èlò kà ìtàn. Ọmọ kékeré tó fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan lè má gbádùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé awọ àti bébà tó pẹ́ tó báyìí kì í fẹ́ ọwọ́, wọn kì í sì í fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ojú ń dùn, kó mú awò rẹ̀ dání. Ẹ tún fi sọ́kàn pé ilé olówó ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ní sáà kan náà, ọkọ̀ ojú omi Mary Rose ní Portsmouth, lórílẹ̀-èdè England, ni kí ẹ lọ wò. Ó rì ní 1545, wọ́n fà á jáde ní 1982, ohun èlò tó lé ní 19,000 ló sì jáde látinú rẹ̀: ìyarun tí wọ́n fi ń yọ iná orí, bàtà, abọ́ onígi. Ẹnì kan ha "Ny Coep Cook" sára abọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbé e. Kò sí ìwé ìṣirò kankan tó bá abọ́ yẹn jáde látinú omi, ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ ẹni tó ni ín fi ọ̀bẹ ha yẹn nìkan la ní. Bí ẹ bá lè rí ibi méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Portsmouth, kí ẹ tó wá sí Antwerp.

Wọ́n máa ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ dé ní àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè bá yín nínú yàrá àwọn aṣàtúnyẹ̀wò. Fún ẹni tí kò ní rìnrìn àjò, ilé náà ti kó àwọn àwòrán tó wà lára pátákó igi wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì mọ́ kedere débi pé ẹ lè tẹ̀ wọ́n jáde ní ńlá. Mo ti mú òdòdó tulip kan níbẹ̀, mo fi ṣe iwájú kálẹ́ńdà fún oníbàárà mi kan. Ó ní ó rẹwà gan-an. Kò tíì sanwó.